Bí mo ṣe ṣe ciabatta, búrẹ́dì àwọn ará Ítálì, nílé

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ciabatta ti wà láti ayébáyé, àmọ́ 1982 ni Arnaldo Cavallari tó ń lọ fuláwà ní Adria, nítòsí Venice, gbé e jáde, torí búrẹ́dì gígùn àwọn Faransé ti fẹ́ gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Èèpo ẹ̀ ń rún lẹ́nu, inú ẹ̀ kún fún ihò ńláńlá, èmi ò sì rí búrẹ́dì Ítálì míì tó tó o.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo wọn fuláwà 250 gíráàmù, omi 150, yíìsì gíráàmù kan péré, mo kàn rò ó pọ̀ títí tí kò fi sí fuláwà gbígbẹ mọ́. Biga nìyẹn, ìyẹn àpòpọ̀ tí wọ́n máa ń ṣe sílẹ̀ kí wọ́n tó po búrẹ́dì gangan. Yíìsì kékeré tó fi gbogbo òru ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni adùn ẹ̀ ti ń wá, ẹ má da yíìsì yàà sí i tìtorí kó lè tètè wú. Ooru tiwa níbí pọ̀, ó máa kan jù tó bá sun ìta, torí ẹ̀ mo jẹ́ kó lo wákàtí méjì síta kí n tó gbé e sí fíríìjì.

Láàárọ̀ mo já a wẹ́wẹ́ sínú omi 250, mo fi fuláwà 250 míì sí i, yíìsì gíráàmù méjì, iyọ̀ 10, òróró ólífì ṣíbí kan. Ẹ ṣírò ẹ̀: fuláwà 500, omi 400! Ó máa lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ó máa ṣe yín bíi kẹ́ ẹ tún bu fuláwà sí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bù ú, omi yẹn ló ń jẹ́ kó rọ̀ tí atẹ́gùn tí yíìsì ń mú jáde fi ń ráyè fẹ̀ nínú ẹ̀. Mo rẹ ọwọ́ mi sómi, mo fa etí ẹ̀ kan sókè mo ká a lé àárín, mo yí abọ́, mo fa òmíì, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síra wọn. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí níbẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀kọ mímu ló rí, àmọ́ nígbà tó fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ó ti ń dá dúró, ó ń dán, ó ń mì tìtì.

Nígbà tó wú di ìlọ́po méjì mo da fuláwà sórí tábìlì (ibi tó ti wúlò nìyí), mo dà á lé e, mo gé e sọ́nà mẹ́ta, mi ò tẹ̀ ẹ́ rárá kí atẹ́gùn inú ẹ̀ má bàa jáde, ó tún sinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ààrò ti gbóná dé 230 Celsius, mo da omi gbígbóná sínú páànù tó wà nísàlẹ̀ mo pa ilẹ̀kùn kíá, ooru omi yẹn ni kì í jẹ́ kí èèpo tètè le. Ó lé díẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú, ó ti pọ́n dáadáa.

Ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó gé e o, tó bá ṣì gbóná inú ẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Tòmátò, iyọ̀ àti òróró ólífì ni mo fi jẹ ti àkọ́kọ́, àwọn yòókù wà nínú fríísà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ààrò gbígbóná, èèpo ẹ̀ á tún máa rún.