Bí Ìwọ àti Òbí Rẹ Kò Bá Fẹnu Kò Lórí Ìgbà Iṣẹ́ Abẹ Ọmọ Ajá Abo
Jẹ́ kí òbí rẹ kọ́kọ́ sọ tinú wọn tán, nítorí pé ẹ̀rù ló sábà máa ń bà wọ́n pé ọmọ ajá náà kéré jù láti yọ ilé-ọmọ rẹ̀, ẹ̀rù yìí kò sì burú. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ wo irú ajá tí ẹ ní: èyí tí kò ní tóbi lè ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní nǹkan bí oṣù 6, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ, èyí sì ń dín ewu jẹjẹrẹ ọmú kù, ṣùgbọ́n èyí tí yóò tóbi gan-an lè ní láti pé ọdún 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí eegun àti oríkèé rẹ̀ lè gbó dáadáa. Ohun tí èmi kò fara mọ́ ni pé kí ó kọ́kọ́ bímọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé kò ṣe ìlera rẹ̀ láǹfààní kankan. Ẹ jọ lọ bá dókítà ẹranko, kí òbí rẹ fúnra wọn béèrè ohun tó ń kọ wọ́n lóminú. Bí ẹ bá gbà láti dúró, ẹ má ṣe jẹ́ kí akọ sún mọ́ ọn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ bíi 3 tí yóò fi máa wá akọ.