Òkèlè ìkúùkù kan

"Wíìtì ni oúnjẹ onítọ̀ ṣúgà." Ohun tí gbogbo àdúgbò wa n'Ìbàdàn ń sọ fún Màámi nìyẹn, a sì gbà. Àmàlà kúrò nílé, iyán náà kúrò. Síbẹ̀, ṣúgà ò wálẹ̀.

Sátidé kan la lọ kọ́ oúnjẹ sísè ní gbọ̀ngàn àdúgbò. Nọ́ọ̀sì ní kí oníkálukú gbé àwo tó fi ń jẹun nílé wá, kó bu oúnjẹ sí i bó ṣe máa ń bù ú. Ti Màámi ga bí òkìtì. Nọ́ọ̀sì gé wíìtì náà sí mẹ́rin, ó kó mẹ́ta kúrò. "Màmá, èyí tó kù yìí ni tiyín." Màámi wojú mi: "Ta ló wá fẹ́ jẹ ìyókù?"

Àlàyé nọ́ọ̀sì ni pé wíìtì o, àmàlà o, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Bó ṣe pọ̀ tó ni ká máa wò. Ẹ̀fọ́ kó ìdajì oúnjẹ, ẹja tàbí ẹran kó ìdá kan nínú mẹ́rin, òkèlè kó ìyókù, kó má ju ìkúùkù lọ.

Kí n tó dín oúnjẹ kù, mo kọ́kọ́ bi dókítà, torí Màámi ń lo oògùn ṣúgà. Bí oúnjẹ bá dín tí oògùn ò yí padà, ṣúgà lè já wá sábẹ́ 70 (mg/dL) lórí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀, ewu sì nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ra tẹ̀tẹ̀ ìdì mẹ́rin (ẹ má ṣahun, ó máa ń sún kì lórí iná). Mo bọ̀ ọ́ díẹ̀, mo fún omi rẹ̀ dànù, mo rò ó pẹ̀lú ata, irú àti ẹja gbígbẹ. Epo tí mo máa ń dà látinú ìgò, ṣíbí méjì péré ni mo fi wọ̀n ọ́n fún odindi ìkòkò.

Àṣìṣe mi: mo ro àmàlà kún ìkòkò bíi ti tẹ́lẹ̀. Kí n tó fọwọ́ tán, Màámi ti bù sí i! Lọ́jọ́ kejì, ìwọ̀n tí a ó jẹ nìkan ni mo rò. Ó jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja ṣáájú, ó wá fi òkèlè kádìí ẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ̀rọ kà 171. Nígbà wíìtì, ó máa ń kọjá 240.

Àmàlà ti padà sílé wa. Ìkúùkù ló kù tí a ń jà lé lórí: Màámi ní ti àbúrò mi ọkùnrin ni ká máa fi wọ̀n ọ́n.