Ẹtù Màmá ni mo fi bẹ̀rẹ̀: bí a ṣe múra fọ́tò ẹbí wa ní Ọ̀yọ́

Léèsì funfun ni mo kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Gbogbo wa á wọ funfun, a ó lọ sí sítúdíò ní Owódé, a ó ya fọ́tò kan tí Màmá, ìyá ọkọ mi, á gbé kọ́ sí pálọ̀ kí wọ́n tó pé ẹni 80 ọdún. Mo pe onífọ́tò láti bá a dúnàádúrà, ló bá ní, "Ìyá Ìbejì, kí lẹ fẹ́ wọ̀?" Mo ní funfun. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tí èèyàn dúdú bíi tiwa bá wọ funfun gbòò, aṣọ ni kámẹ́rà á máa wò, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú wa á wá ṣú bí ẹni tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó lè fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe, àmọ́ ìyẹn ò tó kéèyàn ti múra dáadáa láti ilé. Ó fi kún un pé, "Ẹ kọ́kọ́ mú aṣọ ẹni tí fọ́tò náà wà fún. Tàwọn tó kù á tẹ̀ lé e."

Ta la fẹ́ ya fọ́tò fún bí kì í bá ṣe Màmá? Mo lọ bá wọn ní yàrá, mo kúnlẹ̀, mo bi wọ́n pé aṣọ wo ni wọ́n máa wọ̀. Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n ní kí n fa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Bí mo ṣe ṣí i, òórùn káńfọ̀ gba gbogbo yàrá. Ẹtù ni: ìró, gèlè àti ìborùn, ẹtù òfì gidi. Aró rẹ̀ pọ̀ débi pé mo rò pé dúdú ni. Ìgbà tí mo gbé e sójú fèrèsé ni mo tó rí àwọn ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín inú rẹ̀, bí ara ẹyẹ ẹtù tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọdún tí wọ́n bí ọkọ mi ni Bàbá rà á fún wọn ní Ìsẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ léèsì funfun parí síbẹ̀.

Baba Ìbejì ní sányán tó wọ̀ níjọ́ ìgbéyàwó wa, àwọ̀ rẹ̀ bíi ti igi gbígbẹ, ó sì bá aró lọ. Agbádá ò mọ̀ pé èèyàn ti sanra, ṣòkòtò ló mọ̀. Ọ̀dọ̀ télọ̀ ló sùn. Èmi mú bùbá àti ìró àwọ̀ mílíìkì tí kò dán. Táíwò àti Kẹ́hìndé, àdìrẹ aláró. Mo fẹ́ rán an ní oríṣi méjì kó má jọra jù, Màmá ní èèwọ̀, ìbejì kì í wọ aṣọ ọ̀tọ̀ lójú òun. Mo gbà. Ìdòwú, bùbá àwọ̀ mílíìkì bíi tèmi.

Gèlè mi ló kù. Mo di gèlè Màmá sínú náílọ́ọ̀nù, mo gbé e lọ sí Ọjà Àkẹ̀sán, èyí tí iná jó ní 2020 tí wọ́n tún kọ́. Ẹ má fi fọ́tò inú fóònù yan àwọ̀ o, fóònù máa ń purọ́. Èyí tí mo rò pé ó bá a mu nínú ṣọ́ọ̀bù, tí mo gbé e síta sójú oòrùn báyìí, àwọ̀ ewé ló ń yọ lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọlé tí mo jáde. Ìyá tó ń tà á ní, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ gèlè yìí ni àbí ẹ fẹ́ rà á?"

Lálẹ́ Jímọ̀, mo ń lọ aṣọ lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná lọ. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ọmọ ilé kejì ló yọ mí. Mo ti lọ ìró Màmá láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú iná díẹ̀, mo kan ìborùn, ni wọ́n yọjú. "Ìyá Ìbejì! Ta ló ní kó o lọ aṣọ mi? Àpá kíká yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé inú àpótí ló ti jáde." Mo tọrọ àforíjì. Mo fi ìborùn sílẹ̀ bó ṣe wà.

Lọ́jọ́ Sátidé, aṣọ ìṣeré làwọn ọmọ wọ̀ dé sítúdíò. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì ni wọ́n jẹ kí a tó kúrò nílé, ẹni tó bá mọ Ìdòwú á mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti sùn dáadáa lọ́sàn-án, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó gbà kí wọ́n dé fìlà fún un. Ọyẹ́ ń mú lọ́wọ́, mo fi òrí pa wọ́n lẹ́sẹ̀ àti lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mi ò kan ojú, torí òróró máa ń kọ mànà lábẹ́ iná. Páúdà díẹ̀ ni mo fi nu iwájú orí Baba Ìbejì, ó ń ráhùn.

A tò tán, onífọ́tò ní òun ò rí Baba Ìbejì. Gèlè mi ti bo ojú rẹ̀! Mo wé e tán bí abẹ̀bẹ̀, mo sì jókòó síwájú rẹ̀ gan-an. Mo ní láti sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ọkọ mi dúró sẹ́yìn Màmá. Ó tún ní kó yọ fóònù tó wú jáde lápò.

Onífọ́tò fẹ́ kí Màmá kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Wọ́n kọ̀. Wọ́n jókòó gbàgìdì, wọ́n kọjú síwájú, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí orúnkún, gẹ́lẹ́ bí Bàbá ṣe jókòó nínú fọ́tò dúdú-àti-funfun tó wà ní pálọ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Kẹ́hìndé wò wọ́n, òun náà tẹ́ ọwọ́ sórí orúnkún. Táíwò ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí tí a mú nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé nínú férémù, Màmá fà á mọ́ra, wọn ò wo ojú ẹnì kankan níbẹ̀. Ìka ni wọ́n fi ń tọ ìlà kan lórí ìborùn èjìká wọn, láti òkè wá sísàlẹ̀. "Wò ó," wọ́n ní, "ó hàn."