Bí ẹ ṣe lè kó dátà MetaStock àtijọ́ bọ́ sínú AmiBroker láìsọ ọjọ́ kankan nù

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí yíya àwòrán iye ìpín ìdókòwò sábà máa ń ní fódà kan tí wọn ò lè jù nù: F1.DAT, F2.DAT, F3.DAT títí lọ, pẹ̀lú MASTER àti EMASTER láàárín wọn. Dátà MetaStock nìyẹn, ìyẹn sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ya àwòrán iye ìpín. Irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ náà ni AmiBroker, ibẹ̀ la fẹ́ kó o lọ. Tí ẹ bá fi Notepad ṣí i, jákujàku lẹ máa rí. Kò bàjẹ́ o. Nọ́ńbà ló wà níbẹ̀, àmọ́ ìlànà tí wọ́n fi kọ ọ́ ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tó fẹ́ kà á lọ.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo fódà náà, kí ẹ sì máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà yẹn nìkan. Gbogbo fódà ni mo wí, kì í ṣe àwọn DAT nìkan. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan kò sí nínú F7.DAT, MASTER ló mọ ẹni tó ni 7. Ẹni tó bá kó DAT láìkó MASTER, iye owó tí kò mọ olówó rẹ̀ ló kó. Nítorí èyí kan náà, ẹ má yí orúkọ F kankan padà.

Báìtì kan ṣoṣo ni MASTER fi ń tọ́jú nọ́ńbà fáìlì, ìdí nìyẹn tí fódà kan kò fi lè gbà ju ìpín 255 lọ láyé ìgbà yẹn. Nígbà tó yá ni wọ́n fi XMASTER kún un, tí àwọn fáìlì tó kù sì ń jẹ́ F256.MWD lọ sókè. Tí irinṣẹ́ tí ẹ ń lò kò bá mọ XMASTER, ó máa kó 255 jáde, ó máa dákẹ́, ẹ ó sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ ka iye fáìlì F tó wà nínú fódà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nínú DAT tó ní òpó méje, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan gba báìtì 28, mẹ́rin-mẹ́rin fún ọjọ́, iye ìbẹ̀rẹ̀ ọjà, iye tó ga jù, iye tó kéré jù, iye ìparí ọjà, iye ìpín tí wọ́n tà, àti òpó tó kẹ́yìn tó wà fún ọjà àdéhùn ọjọ́ iwájú. (Àwọn kan ní òpó márùn-ún tàbí mẹ́fà, MASTER ló máa sọ èyí tó jẹ́.) Báìtì 28 àkọ́kọ́ kì í ṣe ọjọ́ kankan, orí fáìlì ni. Nítorí náà, fáìlì tó wúwo tó báìtì 70,028 gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ 2,500.

Ibi tí ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ti ń kọsẹ̀ nìyí: nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin-báìtì yẹn kì í ṣe ti IEEE tí kọ̀ǹpútà òde òní ń lò. Ìlànà Microsoft BASIC àtijọ́ ni. Ẹ wo 45.5. Nínú DAT, báyìí ló ṣe máa wà: 00 00 36 86. Tí sọ́fítíwíà bá kà á bí IEEE, ohun tó máa rí ni nọ́ńbà tó dín sí òdo, tó kéré débi pé àwòrán yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá fẹ́ fi Python (èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) kà á fúnra rẹ̀ lè lo ìlànà yìí, níbi tí b0 ti jẹ́ báìtì àkọ́kọ́, b3 sì jẹ́ ìkẹrin:

m = ((b2 & 0x7F) | 0x80) * 65536 + b1 * 256 + b0
iye = m * 2 ** (b3 - 152)

Tí b3 bá jẹ́ 0, iye náà jẹ́ 0. Ìlànà yìí ò wo àmì òdì, torí kò sí ìpín tí iye rẹ̀ wà lábẹ́ òdo.

Bákan náà ni wọ́n ṣe kọ ọjọ́. Ọjọ́ 15 oṣù kẹta 2024 á jáde bí 1240315: ẹ yọ 1900 kúrò nínú ọdún, ó ku 124, kí ẹ tó to oṣù àti ọjọ́ tẹ̀lé e. Ti 1999 á jẹ́ 990315. Irinṣẹ́ tó bá ń mú nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ bí ọdún máa ṣe dáadáa títí di ìparí 1999, lẹ́yìn náà ló máa dàrú.

Tí ẹ bá ṣì ní MetaStock lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ò nílò Python rárá. Ẹ ṣí The DownLoader, irinṣẹ́ tó bá MetaStock wá, ẹ lọ sí Tools, ẹ tẹ Convert, ẹ fi fódà náà ṣe orísun, kí ẹ sì mú ASCII bí ohun tí ẹ fẹ́. Òótọ́ ni pé AmiBroker lè ka fódà MetaStock tààrà nípasẹ̀ MetaStock plugin, ẹ kàn máa yàn án ní Data source nígbà tí ẹ bá ń ṣí database tuntun. Fún ẹni tó fẹ́ wò ó lásán, ìyẹn tó. Àmọ́ mo fara mọ́ gbígba ọ̀nà CSV, ìyẹn fáìlì ASCII tí kọ́mà pín òpó rẹ̀, torí kò sí sọ́fítíwíà tí kò ní kà á lọ́la.

Ẹ má fi Excel ṣí CSV náà kí ẹ tó gbé e wọlé. Excel máa ń yí ọjọ́ padà láìbéèrè: 03/04/2024 lè di oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, bí wọ́n bá ṣe ṣètò kọ̀ǹpútà yín. Ó máa ń gé òdo iwájú náà, tí 0005, ìyẹn HSBC ní Hong Kong, á sì di 5. Tí iye ìpín tí wọ́n tà bá ní àmì kọ́mà nínú, bíi 1,250,000, òpó mẹ́ta ni AmiBroker máa kà á sí.

Fún ìgbéwọlé, ìlà márùn-ún yìí tó nínú fáìlì ìtúmọ̀ tí ẹ máa fi sí fódà Formats, tí CSV yín bá to òpó rẹ̀ báyìí:

$FORMAT Ticker, Date_YMD, Open, High, Low, Close, Volume
$SKIPLINES 1
$SEPARATOR ,
$AUTOADD 1
$DEBUG 1

Láìsí AUTOADD, ìpín tí AmiBroker kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní wọlé. DEBUG ló ń kọ àṣìṣe sínú import.log. Ẹni tí kò fẹ́ kọ ọ́ lọ́wọ́ lè lo Import Wizard.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìpín mẹ́ta, kí ẹ fi ọjọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ ìkẹyìn àti iye ọjọ́ wọn wé ti orísun. Tí iye ìpín tí wọ́n tà bá fi ẹyọ kan tàbí méjì yàtọ̀ sí ìwé ọjà, ẹ fọkàn balẹ̀. Nọ́ńbà báìtì mẹ́rin yẹn kò lè mú gbogbo nọ́ńbà ní pàtó mọ́ lẹ́yìn 16,777,216, àwọn báńkì lórí NGX (ọjà ìpín Nàìjíríà) sì máa ń kọjá ìyẹn dáadáa.

Èyí tó yẹ kí ẹ kọminú sí ni ibi tí iye ti já wálẹ̀ lójijì ní ìdajì tàbí ìdá mẹ́rin. Ó lè jẹ́ pé wọ́n pín ìpín sí wẹ́wẹ́ tàbí wọ́n fi ẹ̀bùn ìpín kún un, tí orísun dátà kò sì tún iye àtijọ́ ṣe. Kò sí ibì kankan nínú DAT tó ń sọ bóyá wọ́n ti tún un ṣe. Symbol, lẹ́yìn náà Split, ni AmiBroker fi ń ṣàtúnṣe rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo àwòrán náà dáadáa ná: tí orísun bá ti ṣe é, tí ẹ tún ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ máa pín iye àtijọ́.