Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ tí a bá ń yẹ nọ́mbà ńlá wò: ẹ jẹ́ ká mú 123,456,789

Díjíìtì nọ́mbà yìí tò tẹ̀lé ara wọn láti 1 dé 9. Ó wu ojú, ìrísí rẹ̀ yìí ló sì ń tan ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ.

Wọ́n á wo ìparí rẹ̀, wọ́n á rí 9. 2 kò pín in, 5 kò pín in, ni wọ́n bá ní prime ni, ìyẹn nọ́mbà tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ro àwọn díjíìtì náà pọ̀ ná: 45 ni. 9 pín 45 láìṣẹ́kù, nítorí náà 9 pín odindi nọ́mbà náà, 13,717,421 ló sì máa jáde.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí 5 ti pín 45, 5 á pín 123,456,789 náà. Rárá o! Ìròpọ̀ yẹn wà fún 3 àti 9, nítorí pé tí o bá fi 9 pín 10, 100 tàbí 1,000, 1 ló máa ń ṣẹ́kù ní gbogbo ìgbà. Ti 5 kò rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni kí èèyàn dúró kó tó yẹ nọ́mbà náà wò tán. Gbé 13,717,421 síwájú. 3 kò pín in mọ́. 7, 11, 13, 17, kò sí èyí tó gbà. Ẹlòmíì á dé 100, á fi í sílẹ̀. Ẹni tó ní sùúrù á dé 1,000, á wá kọ ọ́ pé prime ni. Kò tíì tó. 3,703 ni ààlà, torí pé 3,703 × 3,703 jẹ́ 13,712,209, ṣùgbọ́n 3,704 × 3,704 ti kọjá nọ́mbà wa. Kó o tó dé ààlà yẹn ni wàá bá 3,607 pàdé: 3,607 × 3,803 = 13,717,421. Má sì kọjá 3,703, nítorí pé nọ́mbà yòówù tó bá tóbi jù ú lọ tó sì pín in, èkejì rẹ̀ á kéré, wàá sì ti rí i tẹ́lẹ̀.

Àgbà gan-an ṣe irú rẹ̀ rí. Pierre de Fermat, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbà pé prime ni 4,294,967,297. Ní 1732 ni Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, fi hàn pé 641 × 6,700,417 ni.

Tí wọ́n bá ní kó o ka iye nọ́mbà tó pín 123,456,789, má ka 3, 3, 3,607 àti 3,803 kó o wá kọ 4. Nọ́mbà kọ̀ọ̀kan tó pín in, inú àwọn prime yìí lo ti máa mú èyí tó o fẹ́, wàá sì sọ wọ́n di púpọ̀. O lè mú 3 lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì tàbí kó o má mú un rárá: ọ̀nà 3 nìyẹn. Ọ̀nà 2 ni ìkọ̀ọ̀kan àwọn yòókù ní: kó o mú un tàbí kó o má mú un. 3 × 2 × 2, ó di 12.

Ṣọ́ra fún Excel náà, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò. Ní kó fi 123,456,789 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, 15,241,578,750,190,500 ló máa gbé jáde, nítorí pé díjíìtì 15 péré ló ń pa mọ́. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ á búra pé 100 pín in. Ìdáhùn gidi parí sí 521. Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni kó o fi ṣe é, kì í gé odindi nọ́mbà kúrú.