Ẹ̀wọ̀n Ajá Tí Yóò Tọ́jọ́ Lójò Lẹ́ẹ̀rùn: Bí Mo Ṣe Yan Tiwa ní Apẹ́tẹ̀

Ajá wa, Ẹ̀yìnlàrò, wúwo tó kílò 30, ìta ló sì ń gbé. Lọ́sàn-án, àwọn aládùúgbò máa ń wá pọnmi ní kàǹga wa, pàápàá àwọn ọmọdé, nítorí náà dandan ni ká so ó. Lálẹ́, tí a bá ti ti géètì, a ó tú u. Ohun tí mo ń wá ni èyí tí a ó fi so ó tí kò ní já, tí kò ní tètè dípẹtà, tí kò sì ní ṣe ọrùn rẹ̀ léṣe.

Okùn ni mo kọ́kọ́ mú ojú kúrò lára rẹ̀. Okùn ọ̀rá tí wọ́n ń tà káàkiri, oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Bó bá ti pẹ́ níta, á máa yọ irun, á wá máa rún mọ́ni lọ́wọ́. Èyí tí oòrùn bá ṣẹ́kù, eyín ajá á parí rẹ̀.

Mo gba Ògùnpa lọ, nílùú Ìbàdàn wa níbí, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin àti ohun èlò ìkọ́lé. Mo fọwọ́ lé ẹ̀wọ̀n kan tó ń dán gbinrin, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé eléyìí á mú ajá dúró?" Bàbá náà wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ti kọ́kọ́rọ́ géètì nìyẹn. Wo ojú òrùka rẹ̀." Mo wò ó. Wọ́n kàn tẹ irin náà yípo ni, ẹnu rẹ̀ méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ kanra, wọn ò jó o pọ̀ rárá. Ajá tó bá sáré wá láti ẹ̀yìn, tó já a lójijì, ó lè ya òrùka kan, ọ̀kan ṣoṣo náà sì ti tó. Bàbá mú òmíràn jáde tí ojú jíjó hàn lára òrùka kọ̀ọ̀kan, mo sì fi èékánná tọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má jẹ́ kí dídán tàn yín. Irin tí wọ́n kàn fi síǹkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ló sábà máa ń dán bẹ́ẹ̀, ìbora náà kì í sì pẹ́ kó tó tán níbi tí òrùka ti ń ha òrùka. Èyí tí wọ́n rì sínú síǹkì gbígbóná máa ń dúdú díẹ̀ bíi eérú, ara rẹ̀ kì í jọ̀lọ̀, ṣùgbọ́n síǹkì ibẹ̀ nípọn. Síǹkì yìí ni omi á máa jẹ kó tó kan irin, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́.

Ìwọ̀n ni ohun tó ká mi lára jù. Ọ̀pọ̀ ajá tí mò ń rí ládùúgbò ló ń wọ́ ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń fa mọ́tò kiri, tí ọrùn wọn sì ti tẹ̀. Òdiwọ̀n tí mo lò ni pé ẹ̀wọ̀n àti ìkọ́ tí a fi ń so ó mọ́ ọrùn ajá lápapọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ajá lọ. Ẹ̀wọ̀n tí irin rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 10 máa ń wúwo tó kílò 2.2 ní mítà kan, mítà mẹ́ta rẹ̀ ti lé ní kílò mẹ́fà nìyẹn. Èyí tí mo rà nípọn tó mìlímítà 4, mítà mẹ́ta rẹ̀ kò pé kílò kan, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ju ti ajá wa lọ fíìfíì.

Ẹ̀wọ̀n gan-an kọ́ ló sábà máa ń dani. Ìkọ́ ni. Mo tẹ sípíríǹgì ìkọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá fún mi, mo wo inú ihò tó wọ̀ sí: irin lásán ló wà níbẹ̀, ìpẹtà sì ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lórí àtẹ. Omi òjò á dúró sínú ihò yẹn, sípíríǹgì á gan, ìkọ́ á wà ní ṣíṣí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Èyí tó fúyẹ́ jù náà léwu, irin dídà ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣe ló máa ń kán pẹ́kí. Mo mú oníṣítẹ́nlẹ́ẹ̀sì, irin tí kì í tètè dípẹtà, tó ní ìdè tí a ń fi ọwọ́ yí tì. Mo ti mú mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà tó bà jẹ́ lọ́wọ́ láti ilé: bó bá lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, kì í ṣe irú ṣítẹ́nlẹ́ẹ̀sì tí mò ń wá. Mo tún ra irin tó ń yí lójú ara rẹ̀ méjì, ọ̀kan fún apá ọrùn, ọ̀kan fún apá òkè, kí ẹ̀wọ̀n má baà lọ́ pọ̀.

Mi ò so ó mọ́ ìdí igi, torí ajá á yí igi po títí yóò fi há. Wáyà irin ni mo ta láti ara igi máńgòrò dé ara òpó páìpù tí wẹ́dà bá wa rì sínú kọ́ńkéré, ẹ̀wọ̀n wá ń sáré lórí rẹ̀ pẹ̀lú púlì. Fọkanáísà gé táyà àlòkù fún mi, mo fi wé igi kí wáyà má baà gé èèpo rẹ̀. Kílíǹpù mẹ́ta-mẹ́ta ló di ìkángun wáyà kọ̀ọ̀kan mú: ìjókòó kílíǹpù gbọ́dọ̀ wà lára wáyà tó ń ru ẹrù, kí apá tó tẹ̀ kọdọrọ wà lára ìrù rẹ̀, ìyẹn ẹnu wáyà tí a ṣẹ́ padà. Bí wọ́n bá dà á pọ̀, wáyà á máa yọ́ jáde. Mo fi ìdádúró sórí wáyà lápá méjèèjì kí Ẹ̀yìnlàrò má lè dé ìdí igi, kó má sì lè dé ara ògiri, nítorí ajá tó bá fo ògiri pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lọ́rùn, ó ti so ara rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Òjìji máńgòrò àti abọ́ omi wà láàárín ibi tó lè rìn dé. Bí òjò bá ṣú tí àrá ń sán, a máa ń tú u kúrò lábẹ́ wáyà, a ó tì í mọ́ ilé rẹ̀.

Ní ti ọ̀já ọrùn rẹ̀, mo yẹra fún awọ, torí òjò àti ọyẹ́ á jẹ́ kó le, kó sì sán. Aṣọ híhun máa ń mu omi pamọ́ sára, abẹ́ rẹ̀ á bó, eṣinṣin á bà lé e, ìdin á dé. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà bò ni mo rà, ó fẹ̀, ìka méjì sì ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó máa ń fún ọrùn bí ajá bá fà á, a kì í fi so ajá mọ́lẹ̀ láéláé. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo bá tú u, mo máa ń fi ọwọ́ tú irun ọrùn rẹ̀ wò, bóyá eégbọn tàbí egbò wà níbẹ̀.

Púlì òkè ni mo ń fi gíríìsì sí. Ìkọ́ apá ọrùn, adí àgbọn díẹ̀ ni, torí ẹnu ajá lè kàn án. Mo ti ra ìkọ́ kan sí i pamọ́ sílé, kí n lè pààrọ̀ ti ọrùn lọ́jọ́ tí sípíríǹgì rẹ̀ bá kọ́kọ́ lọ́ra.