Àgbàsìn: bí a ṣe fi ewúrẹ́ 16 ran ilé mẹ́jọ lọ́wọ́ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin

Ẹni tó bá ní ewúrẹ́ tí kò ráyè sìn ín a máa gbé e fún ẹlòmíràn. Bí ẹran bá bí, wọ́n á pín ọmọ. Àgbàsìn là ń pè é. Kì í ṣe sàráà, kì í sì í ṣe owó yíyá. Ẹni tó gba ẹran sìn kì í tẹrí ba kiri nítorí rẹ̀, torí ẹni tó ni ín náà mọ̀ pé òun ò lè dá a sìn.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àdúgbò wa fẹ́ ṣèrànwọ́ fún àwọn tí nǹkan le fún, àpò ìrẹsì ló kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Èmi ní ká gbé àgbàsìn kalẹ̀. Ìrẹsì á tán, fọ́tò tí wọ́n bá yà nígbà tí wọ́n ń pín in kò ní tán. Wọ́n ní ọwọ́ afúnni ló ń wà lókè; ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé ọrùn máa ń dun ẹni tó ń gbójú sókè wò ó.

Ilé mẹ́jọ la mú, abo méjì fún ilé kọ̀ọ̀kan, òbúkọ kan fún gbogbo wọn. Òbúkọ kan tó fún abo 20. Ìdí tí a kò fi fún ilé ní ẹyọ kan ni pé ewúrẹ́ tó bá dá wà kì í farabalẹ̀. Á máa ké, á sì já okùn lọ wá ẹgbẹ́ rẹ̀. Àti pé bí ọ̀kan bá kú, ẹni náà kò tíì padà sí òfo.

A kò béèrè ta ni tálákà jù. Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè yẹn ti ta iyì ara rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a béèrè ni pé: ta ló ti sin ẹran rí, ta ló ní àyè díẹ̀ lẹ́yìn ilé, ta ni ọjà tàbí oko rẹ̀ sì ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́? Ìyá àgbà méjì tí gbogbo agboolé mọ̀ ló lọ bá wọn lálẹ́, ilé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kò sí ìkéde ní mọ́ṣáláṣí, kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá wọn sọ kò ju èyí lọ: «A ní ẹran, a ò ní ẹni tí yóò bá wa sìn ín. Ṣé ẹ̀yin lè gbà á?» Òótọ́ sì ni.

Àwọn kan wà tí wọn kò lè sin ẹran, bóyá ara wọn ò gbé e mọ́ tàbí iyàrá kan ni wọ́n háyà. Àwọn yẹn ni a ní kí wọ́n máa sá èèpo ẹ̀gẹ́, kí àwọn tó ń sin ẹran sì máa rà á lọ́wọ́ wọn. Mo máa padà sórí èyí, torí ibẹ̀ ni ẹran ti tètè ń kú jù.

Ilé ẹran ló ṣáájú ẹran. Ilẹ̀ pupa wa níhìn-ín máa ń di ẹrẹ̀ lójò, ẹrẹ̀ sì ń ba pátákò ewúrẹ́ jẹ́. Nítorí náà, a gbé ilẹ̀ ilé náà sókè pẹ̀lú òpó, ó fi 60 sẹ̀ǹtímítà ga sí ilẹ̀. Ilé mítà 2 ní mítà 1.5 tó fún abo méjì àti ọmọ wọn. Pákó tí a tò sí ìsàlẹ̀ kò pa pọ̀: àlàfo tó wà láàárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀, kí ìgbẹ́ lè máa jábọ́ sílẹ̀. Bí o kò bá ní rúlà, ọmọńdinrín rẹ gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, àtàǹpàkò kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ilé àkọ́kọ́ tí a kàn, àlàfo rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ẹsẹ̀ ọmọ ewúrẹ́ ọlọ́sẹ̀ kan sì há síbẹ̀, ó ṣẹ́. Bí àlàfo bá sì kéré jù, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ á dúró sórí pákó, òórùn ìtọ̀ náà ló ń fa ikọ́.

Ẹ̀gbẹ́ tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá la fi pákó dí dé ibi tí ẹran ga dé, a ṣí òkè sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Páànù la fi bò ó, a to imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí nítorí oòrùn. Ìgbẹ́ tó bá jábọ́, ẹni tó ń sìn ín ló ni ín, ilé méjì nínú mẹ́jọ sì ti ń kó o sí ẹ̀bá ilé gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀.

Ewúrẹ́ kúkurú ilẹ̀ wa la rà. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí wọ́n ń kó wá láti òkè ọ̀hún wuni lójú lọ́jà, ṣùgbọ́n wọn kì í lè fara da àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Àwọn kúkurú tiwa ń fara dà á. Má ṣe rà á nígbà tí Iléyá bá kù dẹ̀dẹ̀, owó gbogbo ẹran ló ń gòkè nígbà náà.

Ẹni tó máa sìn ín ló yan ẹran tirẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lọ. A kó ẹran sínú ọgbà kan, wọ́n sì wọlé lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan di ewúrẹ́ dúdú kan mú, ó fi àtàǹpàkò ká ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó wo eyín iwájú. Eyín ńlá méjì láàárín, àwọn tó kù kéékèèké: ẹran náà ti lé ní ọdún kan, kò tíì pé méjì. Ó fi ọwọ́ wo ọmú, méjèèjì dọ́gba, kò sí kókó nínú rẹ̀. Ó wo ìdí bóyá ìgbẹ́ ti lẹ̀ mọ́ irun. Lẹ́yìn náà ó tọ́ka sí èkejì tí a ti so fún un: «Èyí ti kún eyín, ó ti darúgbó. Ẹ mú un padà.» A mú un padà. Eyín ńlá mẹ́rin, ọdún bíi méjì. Mẹ́fà, bíi mẹ́ta. Mẹ́jọ, ó ti kún, bíi mẹ́rin sókè. Abo tí a ń wá ni eléyín méjì tàbí mẹ́rin.

Ẹran tó bá ti ọjà dé kò gbọdọ̀ wọ àdúgbò lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ 21 la fi dá gbogbo wọn dúró níbì kan. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, omi àti ewé nìkan, kí ara wọn balẹ̀. Lẹ́yìn náà oògùn aràn. Òṣùwọ̀n àsorọ̀ tí wọ́n fi ń wọn àpò ni a fi wọn ẹran kọ̀ọ̀kan, torí bí oògùn bá kéré sí ìwúwo ẹran, aràn tó bá ṣẹ́ kù kò ní gbọ́ oògùn yẹn mọ́. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún kò gbọdọ̀ gba oògùn aràn tí wọ́n ń pè ní albendazole, ó lè ba oyún jẹ́. Ní ọjọ́ keje, dókítà ẹran fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára PPR, àìsàn kan tó máa ń ran ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí abẹ́rẹ́ náà tó jẹ́ dáadáa, ìdí nìyẹn tí ọjọ́ 21 fi wá.

PPR ló ń pa ewúrẹ́ tó pọ̀ jù lágbègbè wa, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ní Côte d'Ivoire ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1942. Àjẹsára tí wọ́n ń lò jù, ara kòkòrò tí wọ́n rí ní Nàìjíríà ní 1975 ni wọ́n ti ṣe é, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo sì ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni ooru. Àjẹsára náà gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí oníyìnyín láti ibi tí wọ́n ti gbé e wá, bí wọ́n bá sì ti pò ó tán, kí wọ́n lò ó tán láàárín wákàtí kan. A so gbogbo ẹran mọ́lẹ̀ kí dókítà tó dé. Bí ẹ bá ń lé ewúrẹ́ kiri lẹ́yìn tí ó ti po oògùn, omi lásán lẹ máa gún sí èyí tó kẹ́yìn. Àmì àìsàn náà: ipin lójú, ikun nímú, egbò lẹ́nu, ikọ́, ìgbẹ́ gbuuru. Ẹran tó bá ní méjì nínú wọn, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní wàràǹṣeṣà.

Ní ti oúnjẹ, abo kan tó wọn kílò 20 ń jẹ nǹkan bíi kílò méjì ewé tútù lóòjọ́. Èèpo ẹ̀gẹ́ pọ̀ níhìn-ín nítorí àwọn tó ń ṣe gàrí, ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ ní májèlé. Ewúrẹ́ tó bá jẹ ẹ́ yó lè wú, kó máa mí hẹlẹ, kó sì kú kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun. Àwọn tó ń sá a fún wa ń tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́rẹ́ sórí sìmẹ́ńtì tàbí rọ́bà, wọ́n ń yí i padà ní òwúrọ̀ àti ọ̀sán fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ó ti tó sá bí o bá ṣẹ́ ẹ tí ó dún «kẹ́». Lójò, ẹ má sá a rárá: èèpo tó bá yọ èébú dúdú tàbí àwọ̀ ewé, ẹ sọ ọ́ nù, ìfun ẹran kò gbà á. A tún ń pa iyọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn, omi mímọ́ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ike nígbà gbogbo.

Ní àsìkò àgbàdo, okùn ni gbogbo ẹran ń wà. Ewúrẹ́ tó bá wọ oko ẹlòmíràn á sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá lọ́jọ́ kan, àwọn ènìyàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé ẹran ẹgbẹ́ ni. Okùn náà gùn tó mítà mẹ́rin, kókó ọrùn rẹ̀ jẹ́ èyí tí kì í sún, wọ́n ń yí èèkàn padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́.

Ìwé àdéhùn wà nínú kàyé kan, èdè wa ni a fi kọ ọ́, ẹlẹ́rìí méjì sì fọwọ́ sí i. Kò ju gbólóhùn márùn-ún lọ. Abo àkọ́kọ́ tí ẹran kọ̀ọ̀kan bá bí, ilé tó kàn ló ni ín. Gbogbo ọmọ tó kù, akọ tàbí abo, ti ẹni tó sìn ín ni. Bí abo ìyá bá ti san ọmọ kan yìí, òun pàápàá ti di ti ẹni tó sìn ín. Bí ẹran bá kú nípa àìsàn, tí ẹni náà sì wí lọ́jọ́ yẹn, kò jẹ gbèsè. Bí ó bá tà á láìwí, ó jẹ ẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, a ní kí wọ́n gbé ẹran tó kú wá fún wa wò, bí àwọn baba wa ti ń ṣe. Àṣìṣe ni. Òkú ẹran tó ní PPR tí a gbé gba àárín àdúgbò kọjá ń tan àìsàn káàkiri. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ló ń lọ wò ó báyìí, ó ń wo àmì tí a kọ sí etí, wọ́n sì ń sin ín níbẹ̀.

Ìṣirò àkókò rọrùn. Ẹran wọlé ní Oṣù Kẹwàá. Abo tí òbúkọ bá gùn ní Oṣù Kọkànlá á bí ní Oṣù Kẹrin, torí oyún ewúrẹ́ jẹ́ ọjọ́ 150, koríko tútù á sì ti wà nígbà náà. Ìbejì wọ́pọ̀. A ń já ọmọ lẹ́nu ọmú ní oṣù mẹ́ta, a ń dúró títí yóò fi pé mẹ́fà kó tó lọ sí ilé kejì. Èyí tó bá lọ ní oṣù mẹ́ta, ìrìn àti oúnjẹ tuntun á mú un rù. Akọ tí a kò ní lò fún ìbísí ni a ń tẹ̀ lọ́dàá kó tó pé oṣù mẹ́ta. Òdá ń sanra, kì í sì í rùn. Òbúkọ ńlá náà la fi pààrọ̀ ti àwọn kan ní apá Idigny, lágbègbè Kétu wa níbí, kí ọdún tó yí, nítorí abo kékeré lè gba akọ ní oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, bàbá rẹ̀ ni ì bá gùn ún.

Ohun kan ṣoṣo tí a kò ronú sí ni pé àwọn tó ń san ọmọ padà á fẹ́ fi èyí tó rù jù lé ilé tó kàn lọ́wọ́. A kò bá ẹnikẹ́ni jà. A kàn ní kí ẹni tó ń gbà á lọ sí ilé tó ń fún un, kí wọ́n kó gbogbo abo tó ti pé oṣù mẹ́fà síta. Àkọ́kọ́ tó lọ bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n so ọ̀kan tó funfun fún un. Ó fọwọ́ pa á ní ẹ̀yìn, ó rí i pé egungun rẹ̀ ṣí síta, ó sì ní kí wọ́n mú èkejì wá kí òun wò ó.